Ọpẹ́ Tí Rhealyn Kọ Sórí Ayélujára

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì, 2009

Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè gbà. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mi máa ní ojú-ìwé tiwọn lórí ayélujára — búlọ́ọ̀gù — àwa sì ni àkọ́kọ́ nínú ilé-ìwé mọ́kànlá tó wà lágbègbè yìí. Wọ́n fẹ́ fi wá dán an wò fún oṣù kan. Tó bá dáa, gbogbo ilé-ìwé yòókù á bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá wọlé lóṣù kẹfà. Tí kò bá dáa, ó parí nìyẹn. Ìyáàfin Tordesillas, alábòójútó ẹ̀kọ́ àgbègbè, á wá fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kejìdínlógún.

Ọ̀gbẹ́ni Sumague, ọ̀gá ilé-ìwé wa, bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti ń bèèrè iye ọ̀dà tó kù ní sítọ́ọ̀. Àlejò kan ò lè wá síbí kí Ọ̀gbẹ́ni Sumague má kun ògiri. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Ọ̀gá Ọ̀dà nínú ìwé yìí — nínú ìwé yìí nìkan o.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejì

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà méjì. Ọ̀kan ò ní jí àfi kéèyàn gbá a létí.

Mo kọ òfin sí pátákó. Kọ òtítọ́. Má bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ràn ọ́ lọ́wọ́, dárúkọ rẹ̀, kí o dúpẹ́ ní gbangba, bá a ṣe ń ṣe níparí gbogbo ayẹyẹ wa: ẹni tó gbé àga wá, ẹni tó se ìrẹsì, gbogbo wọn là ń dárúkọ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro àwọn tó wà lórí ìdúró. Mo sì ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò ní pa ọ̀rọ̀ ọmọ kankan rẹ́ láìjẹ́ pé ọmọ náà fọwọ́ sí i. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kejì

Mẹ́jọ ti kọ. Ọ̀kan ròyìn bí ẹlẹ́dẹ̀ wọn ṣe bímọ mẹ́wàá, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Rhealyn Magbanua kọ nípa ìyá-ìyá rẹ̀ tó ń bá adìẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Rhealyn, tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong láti ọdún mẹ́rin, rí i níbẹ̀, ó sì fèsì: “Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi bèèrè pé kí ló ṣe mí.” Rhealyn kà á bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo lọ sẹ́yìn kíláàsì lọ sunkún ayọ̀ mi.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejì

Iná lọ láàárọ̀. Kò dé mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejì

Ìmúrasílẹ̀. Ilé-ìwé Tagbak tó wà nítòsí wa fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó kọ̀ǹpútà mẹ́rin wá yá wa, okùn tí wọ́n fi ń so ẹfọ̀n ni wọ́n fi dì wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí àlejò tiwọn bá ń bọ̀, tiwa méjèèjì á lọ bá wọn. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́. Kọ́tìnì wá láti ilé ìyá-ìyá Rhealyn. Ìkòkò òdòdó méjìlá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ru méjì níbẹ̀, n ò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejì

Ó wá. Obìnrin kúkúrú, jẹ́ẹ́jẹ́, awò ojú rẹ̀ so mọ́ ọrùn. Ó jẹ súmán mẹ́ta, ìrẹsì tá a fi ewé pọ́n sè. Ó yin kọ̀ǹpútà mẹ́fà wa. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ìgúnpá rẹ̀, ó kàn nù ún kúrò. Ó ní òun á ka iṣẹ́ àwọn ọmọ nílé. Inú Ọ̀gá Ọ̀dà dùn débi pé ó ń súfèé lọ́nà ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kejì

Mo gbé. Rhealyn ti kọ ọ́ látàná: Ọjọ́ Tí Àlejò Wá. Ìparí rẹ̀ rèé: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé Tagbak tó yá wa ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Àgbà mi fún kọ́tìnì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún òdòdó. Gbogbo wọn ti délé láyọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó máa kà á.

Ọ̀gá Ọ̀dà wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní kí n pa á rẹ́ kíákíá. Mo sọ ti ìlérí mi fún un. Ó ní, “Tíṣà Delfa, ojú wo lẹ fẹ́ kí n fi wo obìnrin yẹn?”

Mo pe Rhealyn, mo ní a fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kọ. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. “Mà, ta ni mo gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa lọ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kejì

Ìyáàfin Tordesillas fèsì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ Rhealyn gan-an, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: “Rhealyn, o ṣeun. Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Mo fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó jẹ́ tiyín gan-an síbí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èsì yẹn ni mo máa wò kí n tó sọ bóyá búlọ́ọ̀gù yìí á dé ilé-ìwé yòókù.”

Ọwọ́ ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ́ rárá lọ̀rọ̀ wá bọ́ sí.

Ọjọ́rú Eérú, 25 Oṣù Kejì

Ọ̀gá Ọ̀dà wà níwájú mi lórí ìlà nígbà tá a fẹ́ gba eérú. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kejì

Ọ̀gá Ọ̀dà ń kun ọgbà ilé-ìwé. Àlejò kankan ò sì bọ̀. Mo gbé omi tútù lọ fún un, inú ń bí mi, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ó gba omi náà. Ó ní, “Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kun ibí yìí, Delfa. Tí n ò bá kùn ún, ta ló máa yà wò wá?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu ni mo gbé mì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kejì, a jọ kùn ún títí aago máàrún.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Ó kù díẹ̀ ká jáde ni ọ̀gá ilé-ìwé wa wọlé. Ó bèèrè èyí tí kì í fẹ́ àbàrá nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó sì jókòó tì í. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Rhealyn dúró tì í, ó ń fi lẹ́tà hàn án. “Ẹ má kánjú, sà. Kò ní sá lọ.”

Ó kọ ọ́ báyìí: “Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Òrùlé kíláàsì kẹta ń jò. A ò ní kọ́tìnì. Èmi Abundio Sumague ni mo ní kí wọ́n lọ yá ìyókù. Àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé níbí, tiwa ni wọ́n, a ò yá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ó bi mí bóyá òun lè pa á rẹ́ lẹ́yìn tóun bá fi í ránṣẹ́. Mo ní ó lè pa á rẹ́, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wá tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Ìwé dé láti ọ́fíìsì àgbègbè. Gbogbo ilé-ìwé mọ́kànlá, lóṣù kẹfà! Àwọn ọmọ fò sórí bẹ́ǹṣì, èmi náà fẹ́ẹ̀ gùn ún. Rhealyn ti ń kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ ká tó ka ìwé náà tán.

Wọ́n ní kí ẹnì kan láti ilé-ìwé wa wá kọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́wàá yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti ń ro aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Sumague gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sápò. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun fúnra òun lòun ń lọ.