Ọ̀ọ́dúnrún Ẹṣin àti Ẹnu Mi

                                        Yàrá Òkè, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Ìdánwò Mọ́tò.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò ní irú rẹ̀ méjì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìsinmi tí ẹ ò tọrọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ ò wọ abẹ́ mọ́tò mọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n wà, torí mo rí wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wá. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò rí. Ìyàwó wa gba èso tí mo gbé wá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ ń sùn. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá, òun náà ń gbọ́ ọ, àwa méjèèjì wá ń wo ilẹ̀. Mi ò bínú. Ká ní èmi ni wọ́n ṣe irú ohun tí mo ṣe fún yín, mi ò ní díbọ́n pé mò ń sùn, ńṣe ni màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà síta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí tí mo bá kàn jù ú sílẹ̀, ẹ lè ya ìwé yìí kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí a fi mọ́tò wa tuntun han àwọn oníròyìn ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin yẹn, tó rí jẹ́ẹ́jẹ́ lójú ṣùgbọ́n tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ilé-iṣẹ́ yín ti gbé tiwọn jáde ṣáájú tiwa díẹ̀. Tiyín ní agbára ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin, tiwa fi ẹṣin méjì péré lé e. Akọ̀ròyìn kan wá bi ọ̀gá mi pé báwo ni ilé-iṣẹ́ méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀gá mi ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dáhùn. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò pè, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́hùn-ún, orí tábìlì kan náà la ti ń jẹun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀ròyìn yẹn ló rẹ́rìn-ín jù, òun náà ló sì lọ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tán síbẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí ẹ lọ dúró sílé títí àwọn á fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń tú àṣírí fún mi, lásìkò tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ka gíábọ́ọ̀sì, àpótí jíà mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. Mi ò ní àwíjàre kankan.

Ìyàwó wa ló sọ fún mi pé nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ yín tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà bi yín bóyá ẹ sọ nǹkan iṣẹ́ fún mi rí, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ dìde, ẹ tọrọ àyè, ẹ wá sílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín lágídí jù. Ṣé 'rárá' lásán ló wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ni?" Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó pa yín lẹ́nu mọ́. Nígbà tí Màmá ṣubú tí wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà lọ́jọ́ kan, gíríìsì ṣì wà ní èékánná yín. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ní gíábọ́ọ̀sì yín máa ń ké tí agbára bá ti kọjá ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin. Gbólóhùn kan péré ni. Màmá ní kí ẹ jẹ́ kó máa ké, kí ẹ bá àwọn gbé omi. Ẹ̀rín pa wá. Nítorí gbólóhùn yẹn, ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú wọn pé ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ ò sì fẹ́ purọ́.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé nígbà tí àwọn kan lọ́dọ̀ wa fẹ́ ká ti agbára ẹ́ńjìnnì wa sókè sí i, èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ ìdánwò ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa kọjá ibẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ dájú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí ẹ lọ sílé ni mo ti ń bi ara mi pé níbo ni ìdánilójú yẹn ti wá. Ṣé lára ẹ̀rọ ìdánwò ni, àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá? Mo rò ó títí, mi ò lè búra.

Ni mo bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ bá ìgbìmọ̀ yín sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá lè sọ nọ́ńbà kan tí kò tíì jáde nínú ìwé ìròyìn, kí n má wulẹ̀ padà wá. Àná ni mo lọ. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀ mi, mọ́tò ilé-iṣẹ́ wa ni mo gbé lọ síbẹ̀. Olùṣọ́ ẹnu géètì wo mọ́tò, ó wò mí, ó bi mí pé ṣé mo wá tà á ni. Ó ní kí n gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kí àwọn ọ̀gá má bàa rí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí mọ́tò wa tuntun mìíràn lábẹ́ tapólì. Wọ́n ti rà á, wọ́n ti tú u palẹ̀ láti wo inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí mo torí rẹ̀ fi oorun du ara mi wà lórí pákó, ìdọ̀tí ń kó sí i. Mi ò lè bínú, torí tiyín náà wà lọ́dọ̀ wa, a ti tú u débi àga. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì yín rí mi, ojú tì í, ó ní, "Ẹ má bínú, a máa tò ó padà." Mo ní kó má ṣèyọnu, àwa ò lè to tiyín padà mọ́.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n méjì ló sọ̀rọ̀: obìnrin agbẹjọ́rò kan tí kì í rẹ́rìn-ín, àti bàbá tó ń bójú tó ríra ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹni tó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí. Mo ti múra sílẹ̀ dáadáa. Mo ní irú mọ́tò yìí ò lè ṣe kí agbára wọn má jọra. Òfin èéfín kan náà ló de gbogbo wa. Táyà iwájú méjì ló ń fa mọ́tò náà. Tí agbára bá pọ̀ jù, táyà á kàn máa yí lójú kan, sítíárìn á sì máa já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Tí agbára bá kọjá ìwọ̀n kan, owó orí àti owó adójútòfò á fò sókè, ẹni tó fẹ́ rà á á sá. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní mọ́tò ńlá tó wọ́n ju èyí lọ, wọn ò sì ní gbà kí àbúrò lágbára ju ẹ̀gbọ́n. Kò tún sí ẹni tó fẹ́ kéré, torí àwọn ìwé ìròyìn mọ́tò máa ń tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ẹni tó bá fi ogún ẹṣin dín, kò ní rí oníbàárà. Àwọn nǹkan kan ń fà wá sílẹ̀, àwọn mìíràn ń tì wá sókè, ibi tá a bára wa sí nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi gbẹ.

Agbẹjọ́rò ní, "A mọ gbogbo ìyẹn, Àǹtí. Àwa náà ń ṣe mọ́tò."

Ojú mi wálẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́ mọ̀, ìyẹn ni pé ṣé ẹ sọ nǹkan iṣẹ́ fún mi rí.

Ẹ̀gbọ́n mi, "rárá" ti dé orí ahọ́n mi. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ju Màmá lọ, Màmá ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín gíábọ́ọ̀sì àti àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ò lè sọ ọ́. Tí mo bá wá purọ́ lórúkọ yín, ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹnu mi máa kó bá yín nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilé ìwòsàn, gbólóhùn kan yẹn, ìmọ̀ràn tí mo fún àwọn ọ̀gá mi. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ fún yín pátápátá.

Bàbá yẹn sọ awò ojú kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní, "Gíábọ́ọ̀sì wo, ọmọ mi? Ibi tí a ti ń ra tiwa náà lẹ ti ń ra tiyín."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣe é fún àwa méjèèjì. Wọ́n á lẹ orúkọ wa mọ́ tiwa, wọ́n á lẹ tiyín mọ́ tiyín, wọ́n á sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé nítorí rẹ̀ nìkan làwọn ṣe ṣe é, inú rẹ̀ ò sì yàtọ̀. Àwọn tó ṣe é ti sọ ìwọ̀n agbára tó lè gbé fún àwa méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì rárá. Àwọn tó ń rajà nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti ní kí wọ́n má sọ ọ́ káàkiri. Ẹni tó ń rajà lọ́dọ̀ wa náà mọ̀. Èmi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dá ẹ́ńjìnnì dúró síbẹ̀, àwọn ọ̀gá mi ti pinnu tipẹ́, wọ́n kàn jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ni. Agbẹjọ́rò pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní kò sí àṣírí tó jáde, ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn á pè yín lọ́jọ́ Ajé kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu mi yìí náà ló tún béèrè pé ìjókòó ọ̀gá ẹ̀ka ńkọ́. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá ní àwọn ti fún ẹlòmíì. Ó ní mọ́tò ti jáde, ẹ̀ka ò lè wà láìlọ́gàá, àwọn ò sì lè fi ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìròyìn síbẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ níṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé ṣé wọn ò lè yí i padà. Ó ní ìwé ti jáde, Ọlọ́wọ́-Òsì ò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n má bínú. Èmi tí mo jẹ̀bi ló wá ń bẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Wọn ò ní sọ ìyẹn lórí fóònù. Ẹ ó wọ aṣọ iṣẹ́ yín, ẹ ó fi ayọ̀ wọlé, ẹ ó sì bá ẹlòmíì lórí àga tí wọ́n ti fi hàn yín. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ọ. Èmi tí mo fà á ló yẹ kí n sọ ọ́. Bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ lánàá ni mò ń wá ohun tí mo lè dá lẹ́bi pẹ̀lú mi, mi ò rí. Òfin èéfín ò ṣe yín ní nǹkan kan. Táyà ò ṣe yín ní nǹkan kan. Gíábọ́ọ̀sì tó ń ké ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ò sì tú àṣírí, ẹ lè sinmi lórí ìyẹn. Nọ́ńbà méjèèjì ì bá jọra náà ká ní a ò mọ ara wa rí. Ẹnu mi nìkan ló gba nǹkan lọ́wọ́ yín.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe agídí. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Màmá kí yín púpọ̀. Wọ́n ti ń rìn dáadáa báyìí, wọ́n sì ń bi mí ìdí tí àwa méjèèjì kì í fi í jọ wá mọ́. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Wọn ò gbà mí gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, tí fóònù bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e, kí ẹ sì lọ. Ẹ má torí àga kan fi iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀. Tó bá wá jẹ́ èmi ló pè, ẹ jẹ́ kó dún tán.

                                        Èmi ṣì ni tiyín, bí ẹ bá ṣì gbà mí,
                                        Àbúrò yín.