Fọ́tò Méjì Tí Mo Fi Tipá Mú Bára Mu

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ara mi dá ṣáṣá, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ ní kí n tún iṣẹ́ mi sọ, kí ẹ lè fi yangàn. Láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré, iná kan ń tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́. Ìgbì rédíò àti ẹ́kísíréè ń ti ara rẹ̀ wá. A ya fọ́tò kan fún ìkọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń gbé méjèèjì léra.

Wọn ò bára mu. Mo ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe, mo bá rọra sún ti ẹ́kísíréè kí ojú iná méjèèjì lè pàdé. Ọ̀gá mi yìn mí, ó sì ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àná ni mo rí i pé ẹ̀rọ ò ṣìṣe. Bí iná yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn, ojú méjèèjì ò pàdé. Mi ò tíì sọ fún un. Ẹ má pa òwe irọ́ tó lọ lógún ọdún fún mi o. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì tó yẹ kí n jẹ láàárọ̀ àná nìkan ni mi ò tíì fọwọ́ kàn lórí tábìlì mi.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ó ní wọ́n ya ẹ́kísíréè àyà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà yín ò mẹ́nu bà á. Ẹ kàn ní ara yín le koko. Màmá, èmi tí mo sún fọ́tò lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ kí ilé.

Ọmọ yín, tí ara tòun náà le koko.