Bàbá, Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kó Wà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì?

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Mo kí yín o. Ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù yín ní àdúgbò Madagascar, ní Douala níbí, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Bí ọ̀rọ̀ mi bá já lójijì, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ló wá béèrè fíltà mọ́tò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ti di ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú gáráàjì tí ẹ fi sílẹ̀ fún Múkáílà. Ẹ rí i pé mo lè sọ ọ́: gáráàjì tí ẹ fi sílẹ̀ fún Múkáílà. Ó ṣì ń ta mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, nítorí ẹ ò lè bá mi wí mọ́. Mò ń jowú àbúrò mi. Ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti ń mú wa sọdá títì lọ sí ilé kéú ni. Múkáílà ni ẹ máa ń dì lọ́wọ́ mú. Èmi, ẹ ó ní kí n máa rìn níwájú. Mo máa ń wẹ̀yìn wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ yín tó ń rùn epo ẹ́ńjìnnì bí ẹ tilẹ̀ ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, inú á sì máa bí mi títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Alfa.

Nígbà tí àìsàn dé, tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àwa méjèèjì la jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yín, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì. Ọwọ́ Múkáílà ni ẹ wá lọ. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ò sì gbé e kúrò títí tí oorun fi gbé yín lọ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbà pé ẹ ti fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń gbé sípánà fún yín kí wọ́n tó bí i, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní kí n máa bójú tó. Kí ni ọwọ́ tèmi ṣe yín, Bàbá?

Ṣebí èmi náà mọ ohun tí ọwọ́ yín jẹ́. Àwọn ilé ńlá tó ń ta mọ́tò tuntun ní gàráǹtì. Ẹ̀yin, ọwọ́ ni ẹ ní. Bí ẹ bá tún mọ́tò ṣe tán, ẹ ó lọ jókòó sẹ́yìn, ẹ ó ní kí olówó mọ́tò wà á dé àdúgbò PK8 kí ó sì padà. Ẹ ó bọ́ fìlà, ẹ ó ṣí fèrèsé, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú olówó mọ́tò, ẹ ó ní, “Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.” Ó parí. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dandan mú yín ṣe ohun tí ọkàn yín kò gbà, ẹ ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn nígbà tí mọ́tò náà bá ń jáde. Gbogbo Yorùbá àdúgbò New Bell ló mọ̀ pé mọ́tò tí Bàbá kó ọwọ́ sẹ́yìn fún, olówó rẹ̀ ló ni wàhálà rẹ̀.

Ẹ rántí Ìyá Ṣàkírátù, oníbàárà yín tó ń ta aṣọ. Ó ti ra jíìpù tuntun, èyí tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, pẹ̀lú gàráǹtì látọ̀dọ̀ àwọn tó tà á fún un. Jíìpù náà kò yá tó lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá kó ẹrù aṣọ lọ sí Japoma, gbogbo takisí jákujàku ló ń fi òun sílẹ̀. Ó gbé e wá bá Múkáílà. Ẹ mọ ọmọ yín, ẹnu rẹ̀ kò mọ “rárá” pè. Ó yọ tọ́bò tó bá mọ́tò wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ó fi tòkunbọ̀ kan tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ó tún fi kọ̀ǹpútà yí ètò ẹ́ńjìnnì padà kí ó lè lágbára sí i. Bí Ìyá Ṣàkírátù ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, jíìpù fò.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ó fẹ́ jáde. Múkáílà bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.” Kò tilẹ̀ jókòó sẹ́yìn dé PK8. Ohùn yín gan-an ló fi sọ ọ́, àti bí ẹ ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Mo wọlé lọ to páálí tí kò yẹ ní títò.

Ohun tó dùn mí ni pé obìnrin yìí kan náà ti gbé mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ wá bá yín rí pẹ̀lú irú ẹ̀bẹ̀ yìí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì kó ọwọ́ sẹ́yìn kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bínú lọ, kò sì ṣe é mọ́.

Ẹ́ńjìnnì jíìpù náà kú lójú ọ̀nà Japoma, pẹ̀lú èéfín dúdú àti ariwo bí ìgbà tí ṣíbí bá bọ́ sínú ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Ọkùnrin tó ṣí i kò pẹ́ rárá. Ó rí tọ́bò, ó so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, « Madame, on a touché au moteur. La garantie, c’est fini. » Wọ́n ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, gàráǹtì ti tán. Ìyá Ṣàkírátù bi í pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ti ní àléébù tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ó ní kí ó lọ mú ẹ̀rí wá, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ọ̀dọ̀ wa ló gbà dé tààrà.

“Múkáílà, garantie mi ti lọ o! Ìwọ lo fọwọ́ lé e. Ta ló máa dáhùn?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, doucement, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́.”

“Doucement bàbá ẹ!”

Bí ó ṣe sọ ọ́ tán ló rí fọ́tò yín lára ògiri. Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ọmọ yín ni mò ń bá wí.”

Inú mi dùn. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo dúró lẹ́yìn káńtà, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ní ẹ ó wá rí ọwọ́ tí ẹ yàn báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀rẹ́ yín, Alfa Ràímì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun, Ìyá Ṣàkírátù àti àwọn àgbà bíi mélòó kan wá jókòó sórí táyà nínú gáráàjì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìpù nìkan ni. Bí Múkáílà bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, kò ní sí ẹni tó máa gba ọwọ́ yẹn gbọ́ mọ́ ní Douala, ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ó bá sì gbà pé gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn òun, ẹ́ńjìnnì tuntun á jẹ gáráàjì náà tán.

Alfa yíjú sí mi. “Ìwọ lo bá bàbá yín ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Ṣé ó máa ń fọwọ́ lé irú iṣẹ́ báyìí?”

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti Ìyá Ṣàkírátù, wọn á rí i pé obìnrin náà mọ̀ kí ó tó gbé e wá, ẹrù Múkáílà á sì fúyẹ́. Mi ò fẹ́ kí ó fúyẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Múkáílà ló dìde. “Alfa, ẹ má béèrè ti bàbá mi. C’est moi. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo fọwọ́ lé e, màá tún un ṣe.”

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ bàbá rẹ̀ ni.”

Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ ba nǹkan jẹ́ tán, òun náà ni wọ́n tún ń yìn! Ìbínú ló la ẹnu mi, kì í ṣe ìfẹ́. Mo ní bàbá wa kò jẹ́ fọwọ́ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé. Mo ní ojú mi ló ṣe nígbà tí Ìyá Ṣàkírátù bẹ̀ wọ́n tí wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà fi Múkáílà hàn bí aláìgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàkírátù ni gbogbo ojú lọ.

“Òótọ́ ni,” ó ní. Ó ń wo ilẹ̀. “Mo mọ̀ pé bàbá kọ̀. Mo rò pé ọmọ á ṣe é.”

Alfa ní kí wọ́n pín in: kí Ìyá Ṣàkírátù ra ohun tó bàjẹ́, kí Múkáílà ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí èmi wá gbogbo ohun èlò rẹ̀ kí n má jẹ èrè kankan lórí rẹ̀. Ẹ wò mí, èmi tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ máa ń sọ fún wa pé ohunkóhun tí a bá yọ lára mọ́tò, kí a dì í sínú aṣọ kí a dá a padà fún olówó rẹ̀. Múkáílà rántí ìyẹn. Tọ́bò tó bá jíìpù náà wá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ṣàkírátù, nínú àǹkárá. Òun ló dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì mú ètò ẹ́ńjìnnì padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo jowú ìyẹn náà. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ṣì ń rántí àwọn nǹkan yín.

Lọ́jọ́ tí jíìpù fẹ́ lọ, Ìyá Ṣàkírátù dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń retí. Múkáílà fọ ọwọ́, ó nù ún, ó kó méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò dá a lójú ni. Ó wá wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Tèmi máa ń yá jù.”

Ohun tí mo ti ń jowú rẹ̀ láti kékeré, ó gbé e fún mi lójú gbogbo ayé. Mi ò tíì gbé ọwọ́ náà sókè. Mo lọ jókòó sẹ́yìn, mo ká ìborùn mi kúrò létí, mo ṣí fèrèsé, mo ní kí Ìyá Ṣàkírátù wà á dé PK8. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì lórí òkè, mo gbọ́ ọ nígbà tí a dúró. Nígbà tí a padà dé, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní, “Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.” Irin náà gbóná débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹ ò sọ fún mi rí pé ó máa ń gbóná.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Múkáílà kò ti kúrò létí mi. Tèmi máa ń yá jù. Mo wá rántí pé lójú títì ilé kéú, bí bọ́ọ̀lù bá kọjá, Múkáílà á sáré tẹ̀lé e. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, á sáré tẹ̀lé e. Èmi kò sáré rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, Bàbá, nígbà tí ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé iṣẹ́ ni ẹ ń gbé lé e lọ́wọ́, àbí ọwọ́ náà ni ẹ ń dá dúró? Ṣé ẹ ò di tèmi mú nítorí pé tèmi kò bà yín lẹ́rù?

Ẹ ò ní dáhùn. Mo ti pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí n sùn.

Ṣùgbọ́n Bàbá mi, ọmọ tí kì í sáré náà fẹ́ kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń rìn níwájú, tó ṣì ń wẹ̀yìn wò yín.