Ẹ Ti Bẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Tó Bèèrè

Ẹ kú ilé, ẹ kú oko, ẹ kú ooru Ṣakí o, Bàbá Múfú. Mo kí Ìyá Múfú, mo kí Ìyá Àgbà tí orúnkún ń dùn, mo kí gbogbo agbo ilé. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì n'Ìbàdàn níbí, olórí ilé ìwádìí tí Múfútáù ọmọ yín ti ń fọ ìgò. Kóòtù ń bẹ lọ́rùn mi, awò ń bẹ lójú mi. Kí Ràlíà ọmọ yín obìnrin ka ìwé yìí sókè lójúde, níwájú gbogbo àwọn tí ẹ sọ fún pé Múfú jalè.

Inú ń bí mi, Bàbá Múfú. Ó ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí yín. Tiyín ló pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe rèé. Ẹ mọ àgò tí ẹ fi ń dé adìyẹ. Ọwọ́ lẹ fi ń hun ún. Tiwa kéré débi pé ojú ò lè rí i, kò sì sẹ́ni tó ń hun ún. A ó kó irin kan tó wọ́n bíi góòlù sínú omi, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá kéékèèké tí orí wọn fẹ́ràn irin náà. Irin á di ọ̀pá mú. Èyí tó bá dì mú láìbáramu á tú, á tún gbìyànjú ibòmíràn, títí gbogbo ẹ̀ á fi di àgò. Àwa á kàn káwọ́ gbera. Àgò náà ní àyè nínú. Ohun tó bá bá àyè yẹn mu ló ń gbà lálejò. Èyí tó bá tóbi jù, ìta ni.

Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ mi, da ìyẹ̀fun funfun kan sínú ìgò àgò yìí. Ìyẹ̀fun yẹn kò fẹ́ rí omi sójú, bí epo ni. Ó jókòó sí ìdí ìgò. Bísí gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń rò ó pọ̀, ó ní kò jọ pé yóò ṣiṣẹ́, ó lọ sílé fún òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, omi mọ́ gaara, ìyẹ̀fun ò sí. Ta ló wọbẹ̀? Múfú tó wá gbálẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ti kó gbogbo ẹ̀ lọ tà nítorí irin olówó iyebíye yẹn, ó wá fi omi ẹ̀rọ dípò rẹ̀.

Ká sòótọ́, Múfú náà ò ṣeé fọkàn tán. Ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rí, ó wúkọ́ bí mo ṣe ń wúkọ́, ó fi ohùn mi gan-an pàṣẹ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ bàtà, kí wọ́n tò sínú oòrùn. Wọ́n sì tò! Síbẹ̀, mi ò tíì dájọ́. Mo ní kí ẹ wá.

Ẹ gbé àpò iṣu dé. Kí n tó ní kí ẹ jókòó, ẹ ti nà gbalaja. Ẹ ní ọmọdé ni, iṣẹ́ èṣù ni, kí n dárí jì í. Múfú ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé òun ò mú nǹkan kan. Ẹ ní kó panu mọ́, kó dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí ẹ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ yín nìyẹn: àgbà á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí inú ẹni tó ń bínú lè rọ̀, ẹjọ́ á wá tẹ̀lé e. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bàbá ẹ̀ ti bá a jẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ni mo lé e kúrò nínú yàrá ìwádìí, mo ní kó lọ máa fọ ṣáláńgá. Ẹ̀yin délé, ẹ ní kó má fẹsẹ̀ tẹ Ṣakí ní Iléyá.

Láti ìgbà náà, abẹ́ àtẹ̀gùn ló ti ń dá jẹun, tòjò tòjò. Kò sẹ́ni tó ń ní kó sín mi jẹ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bísí gbé ìgò náà sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ ohun tó wà nínú omi. Àgò pé. Ìyẹ̀fun pé. Inú àgò ló wà! Ó ń sá fún omi, ó sì rí ibi tí omi ò sí, ó wọlé. Bísí sunkún, ó kúnlẹ̀ bẹ Múfú tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dáa, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní ó dùn mí. Mi ò sì kọ lẹ́tà kankan sí bàbá ẹ̀.

Ràlíà, má dúró, kà á lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò kọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ kọ sí àgbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán lọ́dọ̀ tèmi. Bàbá mi, nígbà tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ ní n panu mọ́. Ìdí tí mo fi yá ohùn rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìyókù, òótọ́ ni.

Mo ń bọ̀ ní Iléyá. Bó bá wù yín, ẹ tìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tì í, ẹ bi mí níwájú àwọn tó ń gbọ́ yìí bóyá mo jalè. Ẹ ò tíì bi mí rí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣu ta, kó sì bá mi tọ́jú ẹ̀yin àti ìyá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi Múfú afọ̀gò, ọmọ yín tí kò jalè.