Ohun Tí Gwenda Ń Dúró Gbọ́

Ojúlé 9, Òpópónà Thornbury,
Leeds.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 1984.

Pauline, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún Trevor ńkọ́, ṣé ó ti ń fi rìn dáadáa látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé oòrùn Perth ti mọ́ wọn lára, àbí awọ ara wọn ṣì ń bó? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ò jẹ́ ká simi, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá dúró pẹ́, Kenneth sì tún ti ra ajá mìíràn láìsọ fún mi. Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Ní báyìí, èmi náà ni mò ń fún ajá lóúnjẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní ìyá Trevor gé ìwé ìròyìn kan ránṣẹ́ sí yín, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìlera ló jẹ́ kí Gwenda Lomas fi ètò àwọn ọmọdé sílẹ̀. O ní o ò gbà á gbọ́, kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún ọ. Ara Gwenda le ju tèmi lọ, Pauline. Wọ́n lé e ni. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e gan-an ni ohun tí èmi àtìẹ máa ń jiyàn lé lórí nígbà tí a jọ ń ránṣọ ní sítúdíò: kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè látinú tẹlifíṣọ̀n, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dákẹ́ lọ gbári, bí ẹni pé ẹnì kan ń dá a lóhùn lóòótọ́? Ìwọ ní ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn ni. Èmi ní ó ń kà á ní ookan, eéjì nínú ikùn. Àwa méjèèjì ò mọ nǹkan kan.

O ò tíì débi iṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà jẹ́ n sọ ìyẹn ná. Ní 1962, ọmọ ẹni tó ń ta wàrà ní Otley ni. Bàbá rẹ̀ ló rán an wá sí sítúdíò pẹ̀lú ewúrẹ́ kan, kí Ọ̀gbẹ́ni Aubrey Finch tó jẹ́ atọ́kùn nígbà náà lè fi han àwọn ọmọ. Nígbà yẹn, bí a bá ṣe ń ṣe é ló ṣe ń jáde nílé àwọn èèyàn, kò sí pé à ń tún un ṣe. Ewúrẹ́ na ọrùn, ó já ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Finch sí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ni ọmọbìnrin tó di okùn ewúrẹ́ mú, tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ewúrẹ́ yìí jẹ?" Ó wá dákẹ́. Gbogbo wa rò pé ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ó ṣe díẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ni. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Finch ló jẹ." Ẹni tó ń ti kámẹ́rà rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, ọdún méjìlélógún ló sì lò.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n mú ọ̀gá tuntun wá, Rupert Saltmarsh, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú. Mò ń fi píìnì di apá aṣọ Gwenda lọ́jọ́ kan nígbà tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lẹ fi dákẹ́ lánàá! Mo fi aago kà á. Àwọn ọmọ á ti yí i sí ìkànnì mìíràn kẹ́ ẹ tó la ẹnu."

Gwenda ní, "Wọn ò tíì yí i láti ọdún méjìlélógún."

"Ayé ti yàtọ̀, mà. Ẹ sọ ọ́ di méjì. Méjì péré."

"Ta ló lè ronú kó sì dáhùn láàárín méjì?"

"Kò sẹ́ni tó ń dáhùn, Àǹtí Gwenda! Gíláàsì lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀!"

Gwenda wò ó bí a ṣe ń wo ọmọ tó tutọ́ sínú àwo oúnjẹ. Píìnì mi gún un lápá, kò tiẹ̀ mọ̀.

Ó gbìyànjú o. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn wéré. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá bá mi nínú yàrá aṣọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Doreen, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn." Mo bi í pé lẹ́nu ta ni. Ó nu imú, ó jáde.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé aláǹtakùn kan tó wà nínú ìgò jáde. "Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn yìí ní?" Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dákẹ́. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà, síbẹ̀ mò ń gbọ́ igbe Saltmarsh látinú ẹ̀rọ kékeré tí Gwenda kì bọ etí. Gwenda yọ ọ́ létí, ó jù ú sápò. Wọ́n ń pariwo mọ́ Colin tó ń ti kámẹ́rà pé kó gbé e kúrò lójú rẹ̀, Colin ṣe bí ẹni pé òun dití. Mo ka mẹ́rìnlá. Gwenda wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mẹ́jọ. Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbọ́." Kó tó nu àtíkè ojú rẹ̀ tán, wọ́n ti fún un ní ìwé pé kó má wá mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi odindi àpò lẹ́tà kan hàn mí, tí àwọn èèyàn kọ sí Gwenda. Mo ní màá gbé e lọ fún un. Ká má parọ́, ìtọpinpin ló gbé mi lọ ju àánú lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Otley nínú òjò.

Ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gwenda ní, "Edwin, àbúrò mi nìyí." Ogún ọdún ó lé tí mo ti mọ̀ ọ́n, Pauline, n ò gbọ́ pé ó ní àbúrò rí! Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé dáadáa lẹ wà?" Ọkùnrin náà wò mí, ètè rẹ̀ ń mì, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo tún un sọ sókè. Nígbà tí kò tún fèsì, mo ní, "Dáadáa lẹ wà, mo ti rí i." Gwenda gbé ọwọ́ lé mi lápá. "Doreen, dúró."

Mo dúró. Mò ń gbọ́ aago ara ògiri àti òjò tó ń ṣàn lórí òrùlé. Nígbà tó ṣe, Edwin ní, "Mo wà dáadáa. Àmọ́ bàtà yín... ti ba rọ́ọ̀gì wa jẹ́."

Mo wolẹ̀. Omi ti kún abẹ́ ẹsẹ̀ mi lóòótọ́. Ẹ̀rín pa mí, ó pa òun náà.

Ibà líle kan ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà níkùn rẹ̀, wọn kì í tètè jáde ni. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í dúró, wọ́n ní kò lóye. Bàbá wọn pàápàá kì í dúró. Gwenda nìkan ló máa ń dúró. Lọ́jọ́ ewúrẹ́ yẹn, ó mọ̀ pé Edwin wà nílé aládùúgbò wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n, òun ló sì bi ní ìbéèrè. Nígbà tó délé, aládùúgbò sọ fún un pé Edwin dáhùn, pé "ìwé" ló ní, kí Gwenda tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Edwin ló fi ń wọn ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún Saltmarsh?"

"Kí wọ́n lè gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé máa ṣe 'pẹ̀lẹ́' fún un? Ó kórìíra ẹ̀." Ó ní mo lè sọ fún ìwọ ṣá, torí Perth jìnnà.

A tú àpò lẹ́tà náà. Ìyá kan kọ̀wé láti Hull pé ọmọbìnrin òun kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níléèwé, àfi Gwenda nìkan ló máa ń dá lóhùn, àti pé ọmọkùnrin tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í jẹ́ kó ráyè. Gwenda kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sápò épírọ́ọ̀nù. Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Manchester wà. Wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, kó sì dákẹ́ bó bá ṣe wù ú.

Inú mi dùn, àmọ́ ojú Gwenda ṣókùnkùn. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kò ní máa sùn nílé. Ó kúnlẹ̀ ti àga àbúrò rẹ̀, ó ní, "Edwin, ṣé kí n lọ?"

Kẹ́tùlù hó, ó ń súfèé, kò sẹ́ni tó dìde. Mo fi ọwọ́ di ẹnu ara mi. Edwin ń wo òde, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá ní:

"Ẹ lọ. Àmọ́ ìbéèrè yín... ti rọrùn jù. Láti ọdún méjìlélógún."

Pauline, Gwenda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó ní kí Edwin sọ èyí tó le. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́rin péré ló sọ, bọ́ọ̀sì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí sílẹ̀. Manchester ti gbà pé kí orúkọ rẹ̀ máa jáde lẹ́yìn ètò, pé òun ló ń kọ àwọn ìbéèrè, wọn á sì máa sanwó fún un. Èmi náà ti fi iṣẹ́ níbí sílẹ̀, èmi ni màá máa ránṣọ fún wọn. Kenneth ò tíì mọ̀. Ó ra ajá láìsọ fún mi; ajá tèmi nìyí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Edwin sọ rèé: kí ló dé tí ẹyẹlé fi ń mi orí tó bá ń rìn, tí kì í mì í tó bá dúró? Mo ti bi ẹni tó ń ta ẹran, mo ti bi dókítà mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bi Trevor, bi àwọn ọmọ, má sì kánjú wọn.

Bá mi kí gbogbo wọn, kí o sì fẹnu ko àbíkẹ́yìn rẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Colin ní kí n kí ọ. Jẹ́ n gbúròó rẹ kí ọyẹ́ tó dé.

Tìrẹ ni mí, bí òkun tilẹ̀ wà láàárín wa,
Doreen Cragg