Àga Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà

Casilda, àbúrò mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ilé tí ọmọ mi gbà fún mi ní ìlú Albacete yìí dára, àfi pé ó dákẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gbé àga sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà láti gba atẹ́gùn, bí a ti máa ń ṣe lábúlé. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rí i pé àga méjì ni mo gbé, tèmi àti ti Fermín ọkọ mi. Oṣù keje rèé tí a ti sin ín, ọwọ́ mi kò tíì gbà pé ó ti lọ.

Remedios, obìnrin tó ń gbé ní àjà òkè ilé wa, ń ti ọjà bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ilé ọtí lẹ fẹ́ ṣí ni? Àga ta ni ìkejì yìí?"

Orúkọ Fermín dé ètè mi.

"Tìẹ ni," mo wí. "Jókòó, ẹrù yẹn á ti wọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Lánàá, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé méjì.

Bá mi kí gbogbo ará àdúgbò. Tí o bá lọ bomi sí òdòdó ibojì Fermín, má tíì sọ fún un pé ẹlòmíràn ti jókòó sí àga rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eutiquia