Apá Ọ̀tún Tí Mo Wí Lórí Fóònù

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ilé, Màámi. Ẹ kú ìrètí pẹ̀lú, nítorí ìrètí tí ẹ wà nínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sábó, ní Yaba. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lá, tí wọ́n ń ka ìwé yìí sí yín létí. Mo kí Ìyá Ìjọ àti gbogbo ẹni tó bá yín dá ọpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ara mi le, a dúpẹ́.

Bàámi, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi kà á fún yín kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìròyìn àkọ́kọ́ ti ká gbogbo Ìkìrun, ó sì yẹ kí òótọ́ náà rìn dé ibi tí ìròyìn yẹn rìn dé. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Apá ọ̀tún tí mo ní ó ti rí àtúnṣe, apá bàálù ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á dùn yín wọra. Ó dun èmi náà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo fi yín ṣe.

Ẹ rántí páálí tó máa ń wà lókè wọ́dúróòbù yín, èyí tí bàálù jẹ́ẹ̀tì oníke wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, tí ẹ rà nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà, kí ẹ tó fẹ́ Màámi. Ẹ lẹ ara rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ ò jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà họ́lídè, ẹ á fi ìka tọ́ka sí apá rẹ̀ àti ìrù rẹ̀, ẹ á ní tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ẹ máa parí ẹ. Ẹ fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àmọ́ rọpárọsẹ̀ dé kí ọwọ́ yín tó kan páálí náà. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní Èkó, ọwọ́ òsì lẹ fi nà án sí mi. Ahọ́n yín wúwo nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yé mi. Ẹ ní kí n bá yín parí ẹ.

Iṣẹ́ mi níbí kò gba agbára, àmọ́ ó ń tánni lókun. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù orí fóònù ni mo wà. Tí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn oníbàárà á pè, wọ́n á bú mi, èmi á máa bẹ̀ wọ́n. Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń sanwó ẹnu fún mi, tí n bá sì dé ilé, mi ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé wa ò burú, kálukú kàn ń sá eré tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Ìyábọ̀, àbúrò yín, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. A ó jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó jẹun yó, n ó padà. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń gùn jù lójú mi, òjò ọdún yìí ò sì jẹ́ kéèyàn jáde. Bí mo ṣe ṣí páálí yín nìyẹn.

Ike náà ti pọ́n bí eyín arúgbó. Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ, ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe é láyé ìgbà yẹn kò sì ṣe é dáadáa. Lára bàálù gidi, ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé máa ń wọnú ni. Tiwọn yọ síta bí iṣan. Mo fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi abẹ́rẹ́ àti rúlà fa òmíràn. Àga awakọ̀ rẹ̀ dà bí àpótí lásán, ni mo bá fi bébà fàdákà inú bisikíìtì gé bẹ́líìtì fún un. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé iná etí apá òsì máa ń jẹ́ pupa, ti ọ̀tún á jẹ́ àwọ̀ ewé. Kútẹ́ẹ̀sì mi ni mo fi kun ti òsì. Àǹtí Ìyábọ̀ ló fún mi ní aláwọ̀ ewé, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó kó sí àwọn lórí tí àwọn fi rà á.

Apá ọ̀tún ló fún mi ní wàhálà. Ooru abẹ́ páànù ilé wa ti mú un, ó ti ká, kò bá ti òsì dọ́gba mọ́. Mo kọ́kọ́ fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó dún bí ohun tó fẹ́ kán, mo yára fi í sílẹ̀. Mo wá bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo rì í bọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án díẹ̀, mo dì í mú títí ó fi tutù. Tí n bá fi í sílẹ̀, á tún fẹ́ ká padà. Tí Sátidé mìíràn bá dé, n ó tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tó nà tán, tó bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba, mo sunkún. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, mi ò rí ẹni tí n ó fi hàn, ni mo bá pe Màámi.

Màámi, ẹ má bínú sí ara yín. Òjò ń lu páànù lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀yin náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ìyá. Mo ní kí ẹ bá mi sọ fún Bàámi pé apá ọ̀tún yẹn ti rí àtúnṣe, pé omi gbígbóná àti sùúrù ló gbà, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo gbàgbé pé nínú ilé yín, apá ọ̀tún kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀yin gbọ́ pé ọmọ yín ti rí ẹni tó ń wo rọpárọsẹ̀ ní Èkó. Ta ni kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí lẹ́yìn ìdúpẹ́ tí ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní Bàámi ti gẹrun, ẹ ti ní kí wọ́n lọ bùbá búlúù yín, ẹ jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú báàgì, ẹ ń retí mọ́tò tí n ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ti ju bọ́ọ̀lù rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa tẹ̀ sí abẹ́ àga, ẹ ní kí lẹ tún ń tẹ bọ́ọ̀lù fún nígbà tí ọmọ yín ti rí oníṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún yín kí n lè sọ òótọ́. Ẹ gbà á, ẹ pe orúkọ mi, ẹ sì súre fún mi. Àmín ni mo ṣe, mo gbé fóònù sílẹ̀ láì sọ òótọ́ náà.

Bàámi, mi ò rí oníṣẹ́ kankan. Mo ti béèrè. Àwọn tó ń pariwo lórí rédíò pé àwọn ní oògùn rẹ̀ pọ̀, mi ò ní gbé yín lọ fún wọn. Dókítà kan tí mo lọ bá ní Surulere sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yín sọ gẹ́lẹ́: kí ẹ máa tẹ bọ́ọ̀lù, kí ẹ máa na apá náà lójoojúmọ́. Ó ní agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀, ó lè má padà tán. Àmọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, á gan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló máa jẹ́ kó gan.

Nígbà tí ẹ ń kọ́ wa níṣẹ́ igi, tí ọmọ kan bá fi ọwọ́ kan di ayùn mú, tí ó ki ìkejì bọ àpò, ẹ máa ń ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń bá òwe yẹn jà nínú ọkàn mi.

Bàálù yín ti parí tán, ó ku ohun kan. Mo ti lẹ apá òsì. Mi ò lẹ ti ọ̀tún. Mo fi òwú wé e, mo tọ́jú ẹ sọ́tọ̀, n ó gbé gbogbo rẹ̀ bọ̀ nígbà Kérésìmesì. Ahọ́n kékeré kan wà nídìí apá náà tó ń wọ ihò lára bàálù. Kò le ju kéèyàn ti bọ́tìnnì wọlé lọ. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni mo fẹ́ kó tì í. Tí kò bá ṣeé ṣe ní Kérésìmesì, n ó tún gbé e wá ní Àjíǹde. Tí kò bá sì ṣeé ṣe rárá, n ó di ọwọ́ yín mú bí mo ṣe di apá yẹn mú nínú omi, a ó jọ tì í. Ohun tí apá yín ò bá ká, apá tèmi á ká a.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ìjọ àti gbogbo ìjọ. Ẹ ní kí wọ́n má gba ọpẹ́ wọn padà. Mojísọ́lá tí ẹ pè lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn pé pérépéré, ẹ ò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ẹ ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run tó fún yín ní ìyẹn fi ìyókù kún un. Kó dá Màámi sí fún wa, kó má jẹ́ kó rẹ Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga Bàámi, kí ẹ mú bọ́ọ̀lù náà, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni o.

Ọmọ yín,
Mojísọ́lá